Jẹ́ Kí Ọmọ Náà Dá Àrà Tirẹ̀

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé àwọn ìyá
Bíbélì kíkà: Eksodu 31:1-6, Eksodu 35:25-35, Sekariah 8:5, Luku 7:31-32

Ẹ̀kọ́ wa ní ìdá mẹ́rin ọdún yìí jẹ́ ti àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, àwọn tí ọwọ́ wa ṣì ń tọ́ lójoojúmọ́. Kì í ṣe ti oúnjẹ wọn, kì í sì ṣe ti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni ọgbọ́n àtinúdá, èyíinì ni agbára tí Ọlọ́run fi sínú ọmọdé láti ronú kan ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó jẹ́.

A yan ẹ̀kọ́ yìí nítorí ohun tí ojú wa ń rí ní àdúgbò wa. Ní Ring Road níhìn-ín, láti ìhà Challenge títí dé apá Adéọ̀yọ́, ọmọ ọdún mẹ́ta ti ń gbé báàgì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi jù ú lọ. Ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ lọ́sàn-án, ó wọ lẹ́sìnnì títí di agogo mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó dé ilé, ó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, a tan tẹlifíṣọ̀n fún un tàbí kí a fi fóònù lé e lọ́wọ́ kí a lè ráyè dáná, ó sì sùn. Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́sìnnì tún wà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, a ń lọ sí ilé Ọlọ́run. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: nínú ọ̀sẹ̀ kan, wákàtí mélòó ni ọmọ náà ní tí àgbàlagbà kankan kò sọ ohun tí yóò ṣe fún un?

Nígbà tí a ń múra ìkórè àwọn ọmọdé sílẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi pín bébà àti pẹ́ńsù aláwọ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké, ó ní kí olúkúlùkù ya èyí tí ó bá wù ú nínú ohun tí Ọlọ́run dá. Àwọn ọmọ yìí kan náà ni wọ́n ti ka Orin Dafidi kẹtàlélógún lórí láìṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí bébà dé ọwọ́ wọn, púpọ̀ nínú wọn kàn jókòó, wọ́n ń wo ojú pátákó. Ọ̀kan béèrè pé, “Àǹtí, kí ni kí a yà?” Olùkọ́ dáhùn pé, “Ohun tí ó bá wù ọ́ ni.” Ọmọ náà tún ní, “Ẹ yà á sí ojú pátákó kí a wò ó.” Ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára. Àkọ́sórí dára, àwa Mẹ́tọ́díìsì kò sì ní fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà kan ti gbà pé ohun tí ó wà nínú òun kò tó nǹkan àfi bí àgbàlagbà bá kọ́kọ́ yà á.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Eksodu orí 31. Ọlọ́run fẹ́ kí a kọ́ àgọ́ ìpàdé ní aginjù. Ó dárúkọ ọkùnrin kan fún Mose, Besaleli ti ẹ̀yà Juda, Ó sì sọ pé Òun ti fi ẹ̀mí Òun kún un kí ó lè mọ gbogbo iṣẹ́ ọnà ṣe, ìbáà ṣe ti wúrà, ti fàdákà, ti òkúta tàbí ti igi. Bí a bá ń ka Bíbélì láti ìbẹ̀rẹ̀ bọ̀, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí a óò bá tí a sọ pé Ọlọ́run fi ẹ̀mí Rẹ̀ kún. Kì í ṣe wòlíì. Kì í ṣe ọba, kì í sì ṣe àlùfáà. Oníṣẹ́ ọnà ni.

Ẹ tún rántí ibi tí ó ti ń bọ̀. Ní Ijipti, bíríkì ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ń mọ, iye kan ni a ń béèrè lọ́wọ́ wọn lójoojúmọ́, gbogbo bíríkì náà sì jọra. Ẹni tí ó ń mọ bíríkì ní iye kò nílò láti ronú. Bí ó bá tilẹ̀ dúró ronú, pàṣán ni. Inú irú oko ẹrú bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ti mú ẹni tí yóò fín igi tí yóò sì to òkúta iyebíye. Nígbà tí a bá rí ọmọ tí ó ń kọ lẹ́tà kan ṣoṣo kún ojú ewé mẹ́wàá, tí a wá gbá a létí nítorí pé ó ya ẹyẹ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, ó yẹ kí a béèrè bóyá bíríkì mímọ ni a ń kọ́ ọ. Orí 35 wá fi kún un pé àwọn obìnrin náà fi ọwọ́ ara wọn ran òwú wá, àti pé Ọlọ́run fi í sí Besaleli lọ́kàn láti máa kọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Ní ti eré ọmọdé, ẹ wo ohun tí wòlíì Sekariah rí: nígbà tí Ọlọ́run bá tún Jerusalemu ṣe, ọ̀kan nínú ohun tí a óò fi mọ̀ ni pé ìgboro ìlú yóò kún fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tí ń ṣeré. Kò sọ pé wọn yóò jókòó jẹ́ẹ́. Olúwa wa Jesu pàápàá sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ń ṣeré ní ọjà, tí àwọn kan fun fèrè bí ẹni wà ní ibi ìgbéyàwó, tí wọ́n tún yí i padà sí eré òkú sísun. Ó jọ pé Ó ti dúró wo irú eré bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ọmọ tiwa náà ń ṣe é ní ẹ̀yìnkùlé: ìyàwó, òkú, ìwàásù, àní bí a ti í gba ọrẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun òyìnbó ni a gbé dé. Àwọn ìyá wa ní Ìbàdàn ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Wọn á se láfún kí ó ki bí ẹ̀kọ, wọn á fi ìyẹ́ yà á sí ara aṣọ funfun, wọn á sá a gbẹ, wọn á sì rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà kò ní gba aró. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Mápó, tí àwọn òpó ńlá rẹ̀ dúró gbọin lórí òkè. Àwọn obìnrin wò ó, wọ́n sì mú àwọn òpó náà wọ inú aṣọ. Aṣọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn Dùn nìyẹn: òpó Mápó ni ẹ óò rí níbẹ̀, ṣíbí sì wà láàárín òpó sí òpó. Ta ni ó ní kí wọ́n fi ṣíbí sí i? A kò gbọ́ pé ìjọba ni. Obìnrin kan ni ó wo ilé ìjọba, tí ó tún wo ohun tí ó fi ń jẹun nílé, tí ó sì rí i pé àwọn méjèèjì lè bá ara wọn jókòó.

Ìdílé ni irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá wa Nike Okundaye, tí àdìrẹ rẹ̀ ti rìn káàkiri ayé, ni a bí ní 1951. Ògìdì ní ilẹ̀ Ìjùmú ni ó dàgbà sí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ó wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà tí ó tọ́ ọ ni ó sì jókòó sí tí ó fi mọ aṣọ híhun àti aṣọ rírẹ. Ìyá àgbà yìí kò ra ohun ìṣeré kankan láti ilé ìtajà ńlá. Ó kàn jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan òwú ni.

Ìjọ pàápàá ní ohun tí ó yẹ kí ó rántí. Dúró Ládípọ̀ tí ó kọ Ọba Kò So jẹ́ ọmọ olùkọ́ni ìjọ, ilé míṣọ́ọ̀nù ni ó gbé dàgbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó ṣe orin Àjíǹde fún ìjọ kan ní Òṣogbo, ó sì fi ìlù ilẹ̀ wa sí i. Àwọn kan fárígá pé irú ìlù bẹ́ẹ̀ kò yẹ ilé Ọlọ́run. Ó gbé orin rẹ̀ jáde síta, àwọn ará ìta sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Nígbà tí ó di 1964 ó ti gbé Ọba Kò So dé Berlin ní ilẹ̀ Jámánì. Lónìí, bí gángan kò bá dún nígbà ìkórè, àwa náà á máa béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. A kò mẹ́nu kan èyí láti bá òkú ọ̀run wí. A mẹ́nu kàn án nítorí pé ọmọ tí ń lu agolo ní ilé ìdáná yín ní àárọ̀ yìí lè jẹ́ ẹni tí ìjọ yóò nílò ní ogún ọdún sí i.

Nígbàkúùgbà tí a bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí nínú ìpàdé, ẹnìkan á dìde, á ní, “Susanna Wesley ńkọ́?” Ìbéèrè náà dára. Ìyá John àti Charles Wesley kò fi ọ̀rọ̀ ọmọ ṣeré. Ọmọ mọ́kàndínlógún ni ó bí, mẹ́wàá ni kò kú ní kékeré. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní 1732 láti ṣàlàyé bí ó ti tọ́ wọn, ó ní nígbà tí wọ́n bá pé ọdún kan, àwọn mìíràn tilẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, wọ́n kọ́ láti bẹ̀rù ọ̀pá, wọ́n sì kọ́ láti máa sunkún jẹ́jẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pa ìwé dé. Ní tiwa, a kò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni na ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹni yòówù tí ó bá ṣe é. Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò tán síbẹ̀. Ní àkókò tí ọkọ rẹ̀ wà ní London, ó pín àwọn alẹ́ ọ̀sẹ̀ fún àwọn ọmọ, kí olúkúlùkù lè ní alẹ́ tirẹ̀ tí òun àti ìyá rẹ̀ nìkan yóò jókòó sọ̀rọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni ti John, Sátidé ni ti Charles. Nígbà tí John dàgbà tán, tí ó ti ń kọ́ni ní Oxford, ó kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé kí ó jọ̀wọ́ fi àkókò alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ti àtijọ́ yẹn jíǹkí òun. Kò kọ̀wé béèrè ọ̀pá. Charles, ọmọ alẹ́ Sátidé, kọ orin tí ó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́fà lọ.

Kí ni kí a wá ṣe nínú ilé tiwa? Ohun tí a kọ́kọ́ nílò ni àyè, àyè sì ni ó wọ́n jù ní àdúgbò wa. Ọ̀pọ̀ wa ń gbé fúláàtì, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi lẹ gbogbo ilẹ̀ kọ́m̀páǹdì, onílé sì kórìíra ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n igun kan tó. Ẹ tẹ́ ẹní àtijọ́ sí igun náà, ẹ gbé páálí ńlá kan síbẹ̀, kí gbogbo ilé sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni ti ọmọ. Ohun tí ó wà nínú páálí kò ní ná wa ní kọ́bọ̀: agolo mílíìkì tí a ti fi òkúta lu etí rẹ̀ kí ó má bàa gé ọmọ lọ́wọ́, ìdérí ìgò, èèpo àgbàdo, pòpòrò, àkísà aláràbarà láti ọ̀dọ̀ télọ̀, okùn kúkurú, pákó kéékèèké láti ọ̀dọ̀ káfíńtà. Amọ̀ wà ní ẹ̀bá odò àti ní ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀ ilé. Àpò kan lè lo oṣù mẹ́ta bí a bá ń fi aṣọ tútù bò ó. Àwọn àgbà tí ó wà láàárín wa ṣì rántí ọkọ̀ tí àwọn ọmọkùnrin ń fi agolo sàdíìnì ṣe, tí wọ́n gé sílípáàsì àlòkù fi ṣe táyà. Ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Palms lẹ́bàá ọ̀nà níbí rẹwà ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ọmọ lè ṣe sí i ju kí ó tẹ bọ́tìnnì kí ó máa wò ó.

Arábìnrin kan nínú ìdàpọ̀ wa ń ta ọjà inú agolo ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí kò rí ẹni tí yóò bá a tọ́jú ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún márùn-ún ní ìgbà ìsinmi, ó to páálí ìńdómì mẹ́rin sí ẹ̀yìn káńtà fún un. Kí ó tó di ọ̀sán, páálí ti di mọ́tò. Ọmọ náà di kọ́ńdọ́, ó ń pe, “Challenge, Mọ́lété, Dùgbẹ̀, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ!” Oníbàárà tí ó wọlé di èrò ọkọ̀, ìdérí ìgò di owó. Ìyá kọ́kọ́ fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́ kí àwọn oníbàárà má bàa bínú, ṣùgbọ́n wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó sì fi í sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ọmọ náà ti mọ bí a ṣe ń yọ ṣéńjì nínú ogún, ohun tí ó ń sunkún sí lórí ìwé. Páálí mẹ́rin péré.

Ọjọ́ orí ọmọ ni kí a fi mọ ohun tí a óò fún un. Ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì, ẹnu ni ó fi ń mọ ayé. Ìkòkò, ọmọrí rẹ̀ àti ṣíbí onígi tó fún un, kí ìyá sì fara da ariwo díẹ̀. Láti ọdún méjì sí mẹ́rin, iyanrìn àti omi ni. Yóò bu omi sínú ife, yóò dà á nù, yóò tún un bù, ní ogójì ìgbà. Iṣẹ́ ni ó ń ṣe, ẹ má ṣe dá a dúró. Lẹ́yìn náà ni eré àfarawé yóò bẹ̀rẹ̀, tí igi yóò di ẹṣin, tí gèlè yín yóò di aṣọ bíṣọ́ọ̀bù.

Ewu wà o, kí a má tan ara wa. Kí ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀pà, kóró èso àti ìdérí ìgò má ṣe dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, nítorí ó lè há a lọ́fun. Bátìrì pélébé róbótó tí ó máa ń wà nínú ohun ìṣeré àti rìmóòtù burú ju gbogbo wọn lọ; bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó o lọ́nà ọ̀fun láàárín wákàtí méjì, ilé ìwòsàn ni kí a sáré lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe rọ kẹrosíìnì tàbí omi tí a fi ń bó aṣọ sínú ìgò ohun mímu. Ẹ má sì ṣe fi ọmọ kékeré sílẹ̀ nídìí abọ́ omi, bí ó ti wù kí omi náà kéré tó. Ìyá tí yóò jẹ́ kí ọmọ ṣeré ni ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ là jù.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀, ó sì lè dùn wá. Ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò yìí ni a ti ń bá ọmọ wí bí ó bá sọ Yorùbá. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Nígbà tí a dán gbogbo wọn wò, àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ kò kẹ́yìn; wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ, wọn kò sì kù sẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. A mọ ìdí rẹ̀ nínú ilé tiwa. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí a fi èdè àyálò dí lẹ́nu, gbólóhùn tí a fi fún un nìkan ni ó lè dá padà. Bí ó bá ń sọ èdè ìyá rẹ̀, ó lè ṣàwàdà, ó lè pa àlọ́, ó lè purọ́ ẹ̀rín pé erin wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí ó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, a kò sọ pé kí ó má kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba ẹnu rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àlọ́ pípa kò ní kí a ra ohunkóhun. Nígbà tí iná bá lọ, ẹ jókòó pọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa àlọ́ àpamọ̀ méjì mẹ́ta tí gbogbo wa mọ̀, ẹ ní kí àwọn ọmọ ṣe tuntun. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa béèrè pé kí ni ó ń mu bẹntiróòlù bí omi, tí ó ń bú gbogbo àdúgbò títí iná yóò fi dé. Gbogbo ilé sì mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ń pa àlọ́ Ìjàpá, ẹ dúró ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti le, kí ẹ béèrè pé, “Bí ìwọ bá ni Ìjàpá, kí ni ìwọ ìbá ṣe?” Ẹ gba ìdáhùn yòówù tí ó bá wá. Bákan náà ni ìtàn inú Bíbélì. Ní ilé kan, nígbà tí a ka ti ọmọdékùnrin oníṣù àkàrà márùn-ún nínú Johanu orí 6, a béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ pé kí ni ìyá ọmọ náà wí nígbà tí ó délé. Ọmọbìnrin ọlọ́dún méje kan ní, “Ìyá ẹ̀ ní, ‘Ṣé o tún ti fi oúnjẹ ẹ fún èèyàn?’ Ó wá ní, ‘Mọ́mì, agbọ̀n méjìlá ló ṣẹ́kù.’” A ti ń gbọ́ ìwàásù lórí ẹsẹ yẹn láti ìgbà èwe wa, kò sí oníwàásù tí ó mú wa dé ilé ọmọ náà rí.

Ní ti fóònù àti tẹlifíṣọ̀n, ìlú wa yìí ni tẹlifíṣọ̀n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní 1959, nítorí náà a kò lè ṣe bí ẹni pé àjèjì ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde ní 2019: ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kò gbọdọ̀ máa jókòó ti ojú aláwòrán rárá, láti ọdún méjì sí mẹ́rin, kí ó má ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, bí ó bá sì dín kù ó sàn jù. A mọ̀ pé ìyá tí ó ti ọjà dé ní agogo mẹ́jọ alẹ́ ní ìdí tí ó fi ń gbé fóònù sílẹ̀ fún ọmọ. A kò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ní, “Kò sí nǹkan tí mo fẹ́ ṣe,” ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó gbé e lé e lọ́wọ́. Inú ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni páálí ti máa ń di mọ́tò.

Ohun tí ó kù ni ẹnu wa. Bí ọmọ bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá, ẹ má ṣe béèrè pé, “Kí lèyí?” Ẹ ní, “Sọ ọ́ fún mi kí n gbọ́.” Bí ewúrẹ́ rẹ̀ bá ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, ó lè jẹ́ pé ó ń sáré ni. Ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti bá a parí rẹ̀. Ẹ má ṣe fi wé ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ náà sí ẹ̀yìn bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí bàbá rẹ̀ yóò ti rí i. Ẹ tún ṣọ́ra fún pípe ọmọ jáde níwájú àlejò gbogbo pé kí ó wá ṣe é kí wọ́n wò. Láìpẹ́ àtẹ́wọ́ ni yóò máa wá.

Àwọn kan bẹ̀rù pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò ya aláìgbọràn. Kò rí bẹ́ẹ̀, bí òfin ilé bá dúró. Pátákó tàbí bébà ni ibi àwòrán, ògiri onílé kọ́. Bí eré bá parí, ọmọ ni yóò kó agolo padà sínú páálí, kì í ṣe ìyá, kì í sì ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ohun mìíràn tún wà tí a kì í fẹ́ sọ: ọmọbìnrin ọlọ́dún méje ni ó máa ń pọn àbúrò, tí ó ń gbálẹ̀, tí wọ́n ń rán níṣẹ́, nígbà tí arákùnrin rẹ̀ ń ṣe ọkọ̀ agolo. Ìdajì iṣẹ́ náà lè kan ọmọkùnrin. Àwọn tí wọ́n ran òwú fún àgọ́ ìpàdé, obìnrin ni wọ́n.

Bí ọmọ bá pọ̀ tí àkókò kò sì sí, ọgbọ́n Susanna Wesley ṣì ṣeé lò. Ẹ pín àwọn alẹ́ ọ̀sẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ọmọ kan lálẹ́, láìsí fóònù, kí òun ni ó sì yan ohun tí ẹ óò jọ ṣe.

Fún ìjíròrò ní ìpàdé kíláàsì:

1. Kí ni ohun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe nígbà tí ẹ wà ní kékeré tí ẹ kò tíì gbàgbé? Ta ni ó gbà yín láyè?

2. Ẹ ka Eksodu 35:30-35. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ Besaleli àti bíríkì mímọ? Èwo nínú méjèèjì ni ọ̀pọ̀ ohun tí ọmọ yín ń ṣe lójúmọ́ jọ?

3. Àwọn ìyá àgbà, ẹ kọ́ wa ní àlọ́ àpamọ̀ mẹ́ta tí àwọn ọ̀dọ́ ìyá kò mọ̀ mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìyá, ẹ béèrè ọ̀kan tuntun lọ́wọ́ ọmọ yín kí ẹ mú un wá.

4. Bí onílé, ọkọ tàbí ìyá ọkọ bá ń ráhùn nípa ìdọ̀tí, báwo ni kí a ṣe bá wọn sọ ọ́?

Ní ìpàdé wa tí ó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú ohun kan wá tí ọmọ ilé rẹ̀ fi ohun àlòkù ṣe, kí àgbàlagbà má sì fọwọ́ kàn án. A óò to gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì gígùn tí ó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn. Àwọn tí kò ní ọmọ kékeré nílé lè yá ti aládùúgbò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú àwọn ọmọ náà wá pẹ̀lú, nítorí àwọn ni wọn yóò ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣe fún wa.